Ta Ló Ṣí Fèrèsé Ìyá Nọ́ọ̀sì?

"Níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà lórí àléfà, ilé tí onílé bá ti sọ pé òun kò tà, ilé náà kò ní kúrò lọ́wọ́ rẹ̀."

Alága ìgbìmọ̀ ìlú ni ó sọ ọ́, nínú gbọ̀ngàn ìpàdé, lójú gbogbo àwọn tí wọ́n nílé ní òpópónà orí òkè. Ó fọwọ́ sáyà nígbà tí ó ń sọ ọ́. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ìyá Nọ́ọ̀sì kò pàtẹ́wọ́. Òun ni ó béèrè ìbéèrè tí ó bí ìlérí náà, ó sì ṣì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń wo Alága lẹ́nu bí ẹni ń wo ọmọ tí kò tíì gbé oògùn mì.

Nísinsìnyí, Ìyá Nọ́ọ̀sì wà nílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ilé rẹ̀. Orí rẹ̀ kọjú sí ibi tí orí alààyè kì í kọjú sí.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ dúró sí ẹnu ọ̀nà. Òkú kọ́ ni ó dá a dúró. Ó ti rí òkú títí ojú rẹ̀ fi gbó sí i. Ìmọ́lẹ̀ ni ó dá a dúró.

Gbogbo fèrèsé ilé náà ló ṣí gbayawu. Wọ́n ti fa gbogbo aṣọ fèrèsé sẹ́gbẹ̀ẹ́. Oòrùn òwúrọ̀ ń dà wọ inú pálọ̀, síbẹ̀ gbogbo gílóòbù ló ń tàn, tòkè tìsàlẹ̀, títí kan ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kò sì sí ilé tí ó máa ń ṣókùnkùn tó o ní òpópónà náà. Láti ìgbà tí ojú ti ń yọ Ìyá Nọ́ọ̀sì lẹ́nu, ìmọ́lẹ̀ a máa gún un bí abẹ́rẹ́, aṣọ fèrèsé rẹ̀ kì í sì í kúrò lójú fèrèsé. Lánàá, ilé náà tàn yòò títí ilẹ̀ fi mọ́. Gbogbo òpópónà rí i. Ẹnì kan kò jáde wá béèrè.

Sájẹ́ńtì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fa ìbọ̀wọ́ sọ́wọ́. "Ọ̀gá mi, ẹ mọ màmá yìí ni?"

"Ọwọ́ rẹ̀ ni ọwọ́ àkọ́kọ́ tí ó kàn mí láyé. Òun ló gbẹ̀bí fún ìyá mi." Ó nawọ́ sí ilé kejì. "Ilé wa nìyẹn."

"Họ́wù! Ṣé kò yẹ kí wọ́n gbé ẹjọ́ yìí fún ẹlòmíràn?"

"Bí wọ́n bá gbé e fún ẹlòmíràn, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé màmá àgbà yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Wọlé, kí o ṣọ́ ibi tí ò ń tẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú náà. Báàgì Ìyá Nọ́ọ̀sì ṣì wà léjìká rẹ̀. Bàtà kan wà lẹ́sẹ̀, ìkejì wà lórí àtẹ̀gùn. Jígí dúdú tí ó máa ń lò ti fọ́ sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Nínú báàgì náà, ìgò oògùn ojú wà níbẹ̀, àti òwú, àti káàdì ilé ìwòsàn ojú, àti oúnjẹ tí ó dì lọ tí kò tíì fọwọ́ kàn.

"Sájẹ́ńtì, kí lo rí?"

"Ó ń ti ìta bọ̀ ni."

"Ẹni tó ń ti ìta bọ̀, tí kò tíì sọ báàgì kalẹ̀, ṣé òun ló wá lọ yí ilé ká, tó ṣí gbogbo fèrèsé, tó tan gbogbo iná?"

Sájẹ́ńtì gbójú sókè wo àtẹ̀gùn. Irun apá rẹ̀ ti dìde.

Lókè, ohun tí ó burú ju òkú lọ dúró dè wọ́n. Ìṣó wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sí àwòrán lórí wọn. Ibi tí àwòrán ti ń bẹ tẹ́lẹ̀ funfun ju ibi yòókù lọ, bí ara tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí báńdéèjì kúrò lórí rẹ̀. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti rí àwọn àwòrán náà: ọkọ Ìyá Nọ́ọ̀sì tí ó ti kú, ọmọ rẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́. Gbogbo wọn dojú bolẹ̀.

"Ọ̀gá mi, èyí kì í ṣe iṣẹ́ olè," Sájẹ́ńtì wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ẹni tó bá dojú àwòrán òkú bolẹ̀, kí ló ń wá gan-an?"

"Má tíì fún un lórúkọ. Wò ó ná."

Ẹ̀gbà ọrùn góòlù wà lórí tábìlì, ẹnikẹ́ni kò mú un. Wọn kò fa dúrọ́ọ̀ kankan. Ilẹ̀kùn ìta kò já. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ṣí i. Ní yàrá tí ó jẹ́ ti ọkọ rẹ̀, wọ́n ti sún àga ńlá olóògbé mọ́ ògiri, ilẹ̀ yàrá sì fẹ̀ lọ salalu. Fèrèsé yàrá náà ṣí. Láti ojú rẹ̀, omi ńlá tí ó wà nísàlẹ̀ òkè hàn láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ fẹ́ ti fèrèsé náà. Ó fà á, ó tì í, ó fi èjìká kọ lù ú. Kò mì. Sájẹ́ńtì gbìyànjú tirẹ̀, ó ṣẹ́ èékánná síbẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni ó kọ́kọ́ rí òkú náà. Ó wà nínú ilé ìdáná rẹ̀ báyìí. Ó ti ti ilẹ̀kùn, ó sì tún fi àga dí i. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kànkùn títí kí ó tó dáhùn.

"Màmá, èmi ni."

"Sọ̀rọ̀ sí i. Jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ dáadáa."

"Ọmọ yín tí kò fẹ́ lọ́kọ ni."

Àga wọ́ nílẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí. "Ìsọkúsọ rẹ ni mo fi mọ̀ ọ́," ìyá rẹ̀ wí, ó sì dì mọ́ ọn.

"Màmá, ta ni Ìyá Nọ́ọ̀sì sọ fún pé òun ń lọ sí ilé ìwòsàn ojú?"

"Èmi. Àti Ayàwòrán tó háyà yàrá ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ó sì sọ fún Dáódù ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, mo wà níbẹ̀. Ó ní wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ ojú òun, pé alẹ́ ni òun yóò dé."

"A ò lè ti fèrèsé yàrá ọkọ rẹ̀."

"Èwo? Èyí tó kọjú sí omi?" Ìyá rẹ̀ gbé orí sókè. "Ta ló ṣí i? Láti ìgbà tí káfíńtà ti pààrọ̀ férémù rẹ̀ lẹ́yìn òjò ọdún tó kọjá ló ti há. A bú ọkùnrin yẹn títí ó fi sá lọ. Ìyá Nọ́ọ̀sì wá ní kó máa há lọ, ta ló ń wá ìmọ́lẹ̀?"

"Àwọn tó ń ra ilé, ṣé wọ́n tún wá síbí?"

"Ẹlẹ́nu-Oyin wá."

Alágbàtà ilé ni Ẹlẹ́nu-Oyin. Gbogbo òpópónà ni ó sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀.

"Kò halẹ̀ mọ́ mi rí, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó tẹríba, ó kí mi, ó yin òdòdó mi. Ó ní ilé mi wu ẹnìkan. Mo ní mi ò tà. Ó ní, 'Ẹ ò jẹ̀bi, Màmá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń dá gbé, àbí? Ẹ̀rù kì í bà yín?' Ló bá rẹ́rìn-ín."

"Ìyẹn nìkan ló sọ?"

"Ṣé ìyẹn ò tó ọ ni?" Ó fọwọ́ nu ojú. "Mo ti ní kó padà wá ní Sátidé. Màá fọwọ́ sí i."

"Màmá! Ilé tí Bàbá mi fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́?"

"Alààyè ni bàbá rẹ kọ́ ọ fún. Ṣé ìwọ náà rí ohun tí mo rí? Wọ́n kó gbogbo ojú kúrò lára ògiri ọ̀rẹ́ mi! Mo padà dé ibí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwòrán ti èmi náà. Mi ò lè gbójú kúrò lára rẹ̀."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ mọ ohun tí ó wà nílẹ̀ wàyí. Ní gbogbo òpópónà náà, àwọn onílé ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe Ẹlẹ́nu-Oyin fúnra wọn. Bí òun kò bá rí ẹni tí ó tan iná yẹn kí Sátidé tó dé, ẹ̀rù ni yóò bá ìyá òun ta ilé. Kò sì dá òun pàápàá lójú pé ẹ̀rù kò ba òun. Nígbà tí ó ń jáde, ó gbọ́ tí ìyá rẹ̀ tún ń fa àga sẹ́nu ọ̀nà.

Ayàwòrán ni wọ́n kọ́kọ́ pè, nítorí ọ̀rọ̀ àwòrán. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni.

"Níbo lo wà lọ́sàn-án ọjọ́ tí Màmá lọ sí ilé ìwòsàn?"

"Ní ṣọ́ọ̀bù mi, mò ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Ẹ lè béèrè."

"Gbogbo ọ̀sán?"

"Mo sáré wálé lẹ́ẹ̀kan láti wá mú bátìrì."

"Kí lo rí?"

"Mi ò rí nǹkan kan."

"Kí lo wá gbọ́?"

"Wọ́n ń wọ́ nǹkan tó wúwo nílẹ̀ lókè. Mo kọ́kọ́ rò pé Màmá ni."

"O mọ̀ pé Màmá ò sí nílé."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi sá."

"O sá?"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ayálégbé ni mí. Ohun tó bá ń rìn lókè nígbà tí onílé ò sí nílé, kò sí nínú àdéhùn tí mo bá Màmá ṣe."

Sájẹ́ńtì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ikọ́ bò ó.

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màmá ní kí o kó jáde. Kí lo ṣe?"

Orí rẹ̀ wálẹ̀. "Mo bá Ẹlẹ́nu-Oyin ya fọ́tò ilé náà láti ìta. Màmá rí mi. Ó ní mo ta òun. Mo bẹ̀ ẹ́, ó gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́..." Kò sí ẹni tí wọn yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

"Ṣé kọ́kọ́rọ́ ilé Màmá wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Rárá o. Ẹ tú ilé mi."

Wọ́n tú u. Wọn kò rí kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ ju kọ́kọ́rọ́ nù, omi kò jìnnà.

Dáódù ni ó tẹ̀lé e. Orúkọ tí òpópónà sọ ọ́ nìyẹn, nítorí òun nìkan ni Ìyá Nọ́ọ̀sì bí, òun sì ni yóò jogún. Ó ju ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Nígbà tí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wà ní jẹ́léósinmi, òun ni ó máa ń dì í lọ́wọ́ mú kọjá títì. Ẹ̀ka omi ní ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ ìlú ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ó sunkún títí tí ilẹ̀ iwájú rẹ̀ fi tutù, ẹkún náà kì í sì í ṣe ẹkún ẹ̀tàn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ṣé ẹ fẹ́ kí ìyá yín ta ilé náà?"

"Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí ó ń dá gbé, Àbúrò. Ṣé ẹ̀rù ìyá ẹni kì í bani ni?"

"Ìgbà wo lẹ wọ inú ilé náà kẹ́yìn?"

"Ọjọ́ tí a sin bàbá mi. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta. Lọ́jọ́ yẹn gan-an la jà lórí ọ̀rọ̀ ilé yìí. Látìgbà náà, bí mo bá mú nǹkan wá fún un, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń dúró sí."

"Kọ́kọ́rọ́ yín ńkọ́?"

"Mo dá a padà fún un."

"Níbo lẹ wà lọ́sàn-án ọjọ́ tó lọ sí ilé ìwòsàn?"

"Lẹ́nu iṣẹ́. Páìpù bẹ́ kiri ìlú, èmi nìkan ni mo ń yẹ̀ wọ́n wò. Ṣé páìpù ni kó wá jẹ́rìí mi?"

Ìbínú rẹ̀ jọ ti ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn lórí òkú ìyá rẹ̀. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ fi í sílẹ̀, ojú sì tì í.

Sájẹ́ńtì padà dé láti ilé ìwòsàn ojú. "Wọn ò ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Wọ́n ti kán oògùn sí i lójú, èyí tó máa ń la ẹyinjú sílẹ̀, kí iná tó lọ. Jẹnẹrétọ̀ wọn ò dáhùn. Wọ́n ní kó máa lọ ilé. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ sọ fún mi pé pẹ̀lú oògùn yẹn, kò lè fi ojú dá èèyàn mọ̀ yàtọ̀ sí ilẹ̀kùn."

"Nítorí náà, ọ̀sán ló dé, kì í ṣe alẹ́."

"Ó sì bá ẹnìkan nílé."

Ẹlẹ́nu-Oyin kò sá. Ó ní kí wọ́n wá bá òun nínú ilé kan tí wọ́n fẹ́ tà nísàlẹ̀ òkè. Oníbàárà ń bọ̀ wá wò ó. "Ẹ máa bi mí léèrè bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ, Ọ̀gá," ó wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Mo mọ ilé yín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ yẹn. Ilé tó lẹ́wà ni."

"Ilé ìyá mi ni. Kò sí lórí àtẹ."

"Kò sí ilé tí kò sí lórí àtẹ. Àwọn onílé kan ni kò tíì gbọ́."

"Ìyá Nọ́ọ̀sì gbọ́?"

"Mo lọ bá a, ó ní òun ò tà. Mo padà lọ, ó da omi aṣọ sí mi lẹ́sẹ̀. Mo padà lọ. Iṣẹ́ mi ni. Ẹni tí kò tà lónìí, ẹ̀rù àbí àárẹ̀ lè bá a sọ̀rọ̀ lọ́la. Mi ò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni rí."

Bí ẹnu rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ó fa aṣọ fèrèsé sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ṣí fèrèsé. Ó tan iná, bẹ́ẹ̀ oòrùn wà níta. Ó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó dé ọmọrí àwo ìgbọ̀nsẹ̀, ó tan iná ibẹ̀ náà. Ó sún àga mọ́ ògiri. Lẹ́yìn náà, láìdákẹ́ ọ̀rọ̀, ó yọ àwòrán ìgbéyàwó onílé kúrò lára ìṣó, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì dojú rẹ̀ bolẹ̀ síbẹ̀.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tẹ̀ lé e dé ìdí kọ́bọ́ọ̀dù náà.

"Kí lo fi àwòrán yẹn ṣe?"

"Èwo? Áà, èyí? Ẹni tó bá wá wo ilé kò gbọ́dọ̀ rí onílé. Bó bá rí onílé lára ògiri, yóò máa rìn bí àlejò. Ara rẹ̀ ni a fẹ́ kó rí níbẹ̀. Kí eruku má baà bo gíláàsì la fi ń dojú rẹ̀ bolẹ̀."

"Iná ńkọ́?"

"Yàrá tó mọ́lẹ̀ a máa fẹ̀ lójú."

"Àga ńkọ́?"

"Bákan náà ni." Ó wo ojú ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Kì í ṣe idán. Kì í ṣe iṣẹ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ dẹ́rù ba òpópónà. Ẹnìkan ti tún ilé Ìyá Nọ́ọ̀sì ṣe fún wíwò, lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni ń wọ̀ ọ́ láṣọ tí kò béèrè.

"Ta lo mú lọ wo ilé Ìyá Nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà?"

"Mi ò wọlé. Mo búra. A dé iwájú géètì, a fọn fèrè ọkọ̀, kò sí ẹni tó jáde. Fèrèsé ti ṣí gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ní yóò rí. A dúró títí, a lọ."

"Ìwọ àti ta ni?"

"Ọ̀gá, mo lọ́mọ o."

"Ìyá Nọ́ọ̀sì náà lọ́mọ."

Ó wo ẹnu ọ̀nà kí ó tó sọ ọ́. "Alága. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló jókòó sí. Ilé àlejò ló fẹ́ fi ṣe, nítorí omi tó hàn láti òkè. Fèrèsé yẹn gan-an ló ń rà, ilé kàn tẹ̀lé e ni. Àwọn ilé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò di ibi ìgbọ́kọ̀sí."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ gbọ́ ọ. Ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ilé tí wọ́n ti bí i nìyẹn.

"Ta ló tún ilé ṣe?"

"Mi ò mọ̀. Awakọ̀ Alága ni mo kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é, òun ló lọ jíṣẹ́. Alága kàn sọ pé ẹni inú ilé ni."

Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ẹni inú ilé kò ju méjì lọ.

Ní ọ̀sán Ẹtì, òjò ṣú. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kó Ayàwòrán àti Dáódù wá sí yàrá olóògbé lókè. Ó mú ìyá rẹ̀ wá pẹ̀lú, kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí òpin ọ̀rọ̀ náà. Sájẹ́ńtì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Fèrèsé ṣì wà ní ṣíṣí, omi sì ti dúdú nísàlẹ̀ òkè.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ sórí àga ńlá náà.

"Ẹ bá mi ti fèrèsé yẹn," ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wí, "àga Bàbá ń rẹ."

Ayàwòrán ni ó sún mọ́ ọn jù. Ó fà á. Ó tì í. Ó fi ẹ̀yìn tì í. "Ọ̀gá, fèrèsé yìí lágídí ju onílé lọ."

"Pa ẹnu rẹ dé!" ni ìyá ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wí.

Òjò le sí i. Tìmùtìmù àga náà ti ń ṣókùnkùn. Dáódù kò lè wò ó mọ́. "Yàgò níbẹ̀." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbé ìsàlẹ̀ fèrèsé náà sókè, ó sì fi orúnkún gbá igun rẹ̀. Fèrèsé tì.

Òjò nìkan ni ó ń sọ̀rọ̀ lórí páànù.

"Ta ló kọ́ yín, Ẹ̀gbọ́n?"

"Kọ́ mi ní kí ni?"

"Bí wọ́n ṣe ń tì í."

"Ilé bàbá mi ni. Láti kékeré ni mo ti ń tì í."

"Rárá o, Dáódù," ìyá ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wí. Ohùn rẹ̀ kò le. "Ti kékeré rẹ ti di igi ìdáná. Tuntun ni èyí. Lẹ́yìn ikú bàbá rẹ ni káfíńtà gbé e wá, látìgbà náà ló sì ti há. Ìyá rẹ gan-an ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i."

Dáódù wo orúnkún rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Ó jókòó sórí àga bàbá rẹ̀, sínú omi òjò.

"Ó pẹ́ kí n tó rí i ṣí," ó wí. "Wọ́n ní ti ibi yìí ló ṣe pàtàkì jù."

"Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

"Mo ti gbẹ́ irú rẹ̀ kí n tó dá a padà."

"Kí ló ṣẹlẹ̀, Ẹ̀gbọ́n?"

"Mo gbọ́ ìró ilẹ̀kùn. Mo rò pé àwọn Alága ni wọ́n dé. Mo sáré jáde síbi àtẹ̀gùn, mo rí Màmá tó ń gòkè bọ̀, ó fọwọ́ bo jígí rẹ̀ nítorí iná. Ó ní, 'Ta nìyẹn? Ta ló tan gbogbo iná yìí?' Kò rí mi. Mo dúró lójú rẹ̀ báyìí, kò rí mi. Bí mo bá dáhùn, yóò mọ ohùn mi. Mo rò pé kí n rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ló bá gbá ọwọ́ mi mú." Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Àpá iná àtijọ́ kan wà lọ́rùn ọwọ́ náà. "Òun ló tọ́jú egbò yìí nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó fi àtàǹpàkò wá àpá náà kàn. Ó ní, 'Dáódù?'"

"Ẹ̀yin wá ńkọ́?"

"Mo já ọwọ́ mi gbà."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ dúró. Kò ràn án lọ́wọ́.

"Mo tì í," Dáódù wí. "Orúkọ mi lẹ́nu rẹ̀ ló bà mí lẹ́rù. Mo tì í."

Ìyá ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ fọwọ́ bo ẹnu.

"Nítorí kí ni ẹ ṣe gbà láti tún ilé ṣe fún wọn?"

"Alága pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Kò bínú rárá. Ó ní kí n jókòó. Ó béèrè orúkọ àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, àti ilé ìwé tí wọ́n ń lọ, àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ. Ó ní òun kì í fipá mú ẹnikẹ́ni, kí n kàn jẹ́ kí òun wo ilé náà. Mo délé, mi ò lè jẹun. Mo rò pé bó bá ti wò ó, tí mo sì bá a bẹ Màmá, ẹ̀rù yìí yóò tán lára mi."

"Ṣé ó tán?"

Dáódù na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Sájẹ́ńtì so ọwọ́ rẹ̀, ó ṣọ́ra kí irin má baà ha ojú àpá náà.

Ní Sátidé, Ẹlẹ́nu-Oyin kò wá. Ẹlòmíràn ni ó wá, pẹ̀lú pẹ́ẹ̀nì, pẹ̀lú ìkíni dídùn. Ó yin òdòdó. Ó béèrè bóyá ẹ̀rù kì í ba Màmá.

"Ó ń bà mí," ìyá ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wí. Ó di etí ilẹ̀kùn mú. "Mi ò tà."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá àgbà rẹ̀. Ọ̀gá náà kà á, ó ní kí ó yọ orúkọ Alága kúrò. Ó ní jíjókòó sẹ́yìn ọkọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bíbéèrè orúkọ ọmọ ọlọ́mọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kọ̀. Ẹlòmíràn bá a yọ ọ́. Dáódù lọ sẹ́wọ̀n. Àwọn ẹbí Ìyá Nọ́ọ̀sì tí wọ́n wà lọ́nà jíjìn ta ilé náà láìwá wò ó; wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ilé tí irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ wà. Alága rà á. Lẹ́yìn náà, ìgbìmọ̀ ìlú kéde pé ilé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dí ojú ọ̀nà àgbàrá. Kò sí àgbàrá tí ó gba ibẹ̀ kọjá rí.

Alága ṣèlérí pé ilé tí onílé kò bá tà kò ní kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kò tà. Katapílà wó ilé rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Alága ṣì wà lórí àléfà.